Ipò 20 àti Ipò 149: Ṣé Wide Receiver Tó Ẹni Tí À Ń Fi Ipò Gíga Mú?

Ìbéèrè bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ìṣirò wà nínú rẹ̀, owó wà nínú rẹ̀, orúkọ ọmọ ènìyàn náà sì wà nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ kì í ṣe ti Super Eagles o. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí bí ìbẹ́pẹ kékeré, tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń fọwọ́ gbà mú.

Ìbéèrè náà rèé: bí ẹgbẹ́ kan bá ní àǹfààní láti yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó wù ú kí àwọn yòókù tó yan tiwọn, ṣé wide receiver ló yẹ kó fi àǹfààní yẹn mú?

Ní Anthony níbí, Arsenal àti Chelsea ni wọ́n ń fi ojoojúmọ́ jà lé lórí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mi. Ṣùgbọ́n bí Super Bowl bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó gbọ́ kí ẹnìkan dárúkọ Nelson Agholor. Èyí á ní, "Ọmọ Èkó ni, ọmọ wa ni." Òmíràn á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre, wọ́n kàn fi ipò ṣòfò lórí ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ "ṣòfò" yìí ni mo fẹ́ ká gbé sórí ìwọ̀n. Tí ẹni bá pe ọmọ ènìyàn ní òfò, ó yẹ kó lè fi ìṣirò tì í lẹ́yìn.

Ọmọ méjì, òrùka kan

Èkó ni wọ́n ti bí Agholor ní ọdún 1993. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, ìlú Tampa ní Florida ló sì ti dàgbà. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì USC ní Los Angeles. Ní sáà 2014, ó gba bọ́ọ̀lù mú nígbà 104 níbẹ̀, ó sì fi rìn ju 1,300 yáàdì lọ. Ní ọdún 2015, Philadelphia Eagles fi ipò 20 yàn án.

Nínú draft ọdún 2015 yẹn kan náà, ọmọ Nàìjíríà mìíràn wà níbẹ̀: Jay Ajayi. London ni wọ́n ti bí i, ní 1993 kan náà, kí òun náà tó dé Amẹ́ríkà. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń jẹ́ Àjàyí, ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n bí ìdílé rẹ̀ tàbí bàbá ńlá rẹ̀ kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni running back, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Orúnkún rẹ̀ ti ṣe é léṣe rí ní yunifásítì, ẹ̀rù sì ba àwọn ẹgbẹ́. Wọ́n ń fò ó, wọ́n ń fò ó, àfi ìgbà tó di ipò 149 kí Miami Dolphins tó mú un. Ní ọdún kejì rẹ̀, ó sáré 1,272 yáàdì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, Eagles gbà á lọ́wọ́ Miami, ipò kan ṣoṣo ní ìpele kẹrin ni wọ́n sì fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kejì, ọdún 2018, Eagles na New England Patriots ní 41 sí 33, wọ́n sì gba Super Bowl fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, aago méjìlá ààbọ̀ òru ni géèmù náà bẹ̀rẹ̀. Agholor ló gba bọ́ọ̀lù mú jù ní ẹgbẹ́ rẹ̀ lóru ọjọ́ náà: ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, 84 yáàdì. Ajayi sáré 57 yáàdì. Ẹni ipò 20 àti ẹni ipò 149, òrùka kan náà ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè wa ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni ipò gíga ń rà ná?

Iṣẹ́ wo ni wide receiver ń ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n yára ṣàlàyé fún ẹni tí kò wò ó rí. Pápá náà gùn ní 100 yáàdì, yáàdì kan náà tí àwọn aláṣọ fi ń wọn léèsì ní Balógun. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún un síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí wọn ò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù á bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì.

Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni quarterback. Ẹni tó ń sáré jáde láti etí pápá, tó ń tan ẹni tó ń ṣọ́ ọ, tó sì ń gba bọ́ọ̀lù mú lójú òfurufú, òun ni wide receiver. Iṣẹ́ ẹwà ni. Gbogbo èèyàn ló máa ń rí i, òun ló sì máa ń wà nínú fídíò tí wọ́n ń pín kiri.

Ẹ rántí nǹkan kan: kò lè gba bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò jù sí i. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Draft dà bí èsúsú

Ẹni tó bá ti dá èsúsú rí ti mọ draft tán, ó ku díẹ̀. Ẹgbẹ́ 32 ló wà. Lọ́dọọdún, wọ́n á tò, wọ́n á sì máa yan àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ní yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìpele méje. Ẹgbẹ́ tí ìyà jẹ jù ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ yàn, ẹni tó gba ife ló ń yàn kẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè dìde ni.

Bí èèyàn ṣe lè lọ bá ẹni tó ṣáájú rẹ̀ nínú èsúsú pé, "Jọ̀ọ́, gbé tìẹ fún mi lóṣù yìí, màá fi nǹkan lé e fún ẹ," bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń pààrọ̀ ipò. Eélòó wá ni ká fi lé e?

Ní ọdún 1991, nígbà tí Jimmy Johnson jẹ́ kóòṣì Dallas Cowboys, ẹgbẹ́ náà ṣe ìwé kan tó fi iye sí ipò kọ̀ọ̀kan. Ipò kìíní jẹ́ àmì 3,000. Ipò kẹrin jẹ́ 1,800. Ipò 20 jẹ́ 850. Ipò 32, tó kẹ́yìn ìpele kìíní, jẹ́ 590. Nígbà tó yá, ìwé yìí tàn kálẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di owó tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ná.

Ẹ wo ohun tí ìwé yẹn ń sọ. Ó ní ẹni ipò kìíní tó ẹni ipò 32 márùn-ún. Ó ní ẹni ipò kẹrin ju ìlọ́po méjì ẹni ipò 20 lọ. Ṣé òótọ́ ni? Ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń ṣe ni kó lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún 2015

Wide receiver mẹ́fà ni wọ́n mú ní ìpele kìíní lọ́dún yẹn: Amari Cooper ní ipò 4, Kevin White ní ipò 7, DeVante Parker ní ipò 14, Agholor ní ipò 20, Breshad Perriman ní ipò 26, Phillip Dorsett ní ipò 29. Lẹ́yìn wọn, Tyler Lockett dé ní ipò 69. Stefon Diggs dé ní ipò 146, ipò mẹ́ta péré ṣáájú Ajayi.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Cooper ṣe dáadáa, ó kọjá 10,000 yáàdì. Diggs náà kọjá 10,000 yáàdì. Ní sáà 2020, Diggs ló gba bọ́ọ̀lù mú jù ní gbogbo líìgì, ẹ̀ẹ̀kan 127. Lockett ṣe sáà mẹ́rin léraléra tó ń kọjá 1,000 yáàdì, láti 2019 dé 2022. Kevin White ńkọ́, ẹni ipò keje? Egungun ojúgun rẹ̀ kò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù kankan ní sáà àkọ́kọ́. Láàárín ọdún mẹ́rin tó lò ní Chicago, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ló gba bọ́ọ̀lù mú.

Nítorí náà, bí ẹ bá to àwọn mẹ́jọ yìí bí wọ́n ṣe mú wọn, kí ẹ tún tò wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe sí, ìtò méjèèjì kò ní bára mu rárá.

"Ọdún kan ṣoṣo nìyẹn," ẹnìkan lè wí. Ó tọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ìwádìí tó gbòòrò.

Ìdá méjìléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún

Cade Massey àti Richard Thaler ni àwọn onímọ̀ méjì tó ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Thaler yìí ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2017. Ọdún 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ wọn jáde, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ nínú ìwé ìmọ̀ Management Science ní 2013. Àkọlé tí wọ́n fún un pa mí lẹ́rìn-ín: ègún ẹni tó pàdánù. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó pàdánù jù, tí wọ́n fún ní ipò kìíní bí ẹ̀bùn, ègún ni ẹ̀bùn náà sábà máa ń jẹ́.

Wọ́n béèrè nǹkan kan tó rọrùn. Ẹ mú agbábọ́ọ̀lù méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n mú tẹ̀ lé ara wọn, bíi wide receiver tí wọ́n kọ́kọ́ mú àti èyí tí wọ́n mú tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ti àkọ́kọ́ ń dára ju ti ìkejì lọ?

Ìdáhùn wọn ni nǹkan bí ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Bí ẹ bá ju kọ́bọ̀ sókè, kí ẹ sì mú ẹni tí orí kọ́bọ̀ bá yàn, ìdá 50 lẹ ó gbà. Gbogbo àwọn tó ń wo fídíò tọ̀sán-tòru, àwọn dókítà, àwọn tó ń fi aago wọn eré sísá, ìdá méjì péré ni wọ́n fi lé orí kọ́bọ̀.

Kò túmọ̀ sí pé wọn ò mọ nǹkan kan o. Ẹni tí wọ́n mú ní ìpele kìíní, lápapọ̀, sàn ju ẹni ìpele keje lọ dáadáa. Ohun tí wọn ò lè ṣe ni pé kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń san owó gọbọi lé lórí.

Apẹ̀rẹ̀ tòmátì Mile 12

Kí ló ń fa èyí? Ẹ jẹ́ ká rìn dé Mile 12, kò kúkú jìnnà sí wa. Ẹ mọ bí apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ti òkè Ọya dé ṣe máa ń rí. Èyí tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ ló wà lójú. Ohun tó wà nísàlẹ̀, Ọlọ́run ló yé. Ẹni tó bá náwó lé apẹ̀rẹ̀ tójú rẹ̀ dán jù, kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ju ẹni tó ra èyí tó tẹ̀ lé e lọ. Tí oníbàárà ogún bá sì ń du apẹ̀rẹ̀ kan náà, ẹni tó bá pariwo owó tó ga jù ló máa gbé e. Òun náà ló ṣeé ṣe jù pé ojú apẹ̀rẹ̀ ló tàn án.

Ojú apẹ̀rẹ̀ wide receiver ni eré sísá. Kí draft tó dé, wọ́n á ní kí àwọn ọ̀dọ́ sáré 40 yáàdì, wọ́n á sì fi aago kà á. Ní 2017, John Ross sáré tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4.22. Kò sẹ́ni tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí níbi àyẹ̀wò yẹn nígbà náà. Cincinnati Bengals fi ipò 9 mú un. Ní gbogbo sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù mélòó ló gbà mú? Òdo. Ara rẹ̀ tí kò yá wà lára ohun tó fà á, àmọ́ kókó ọ̀rọ̀ náà dúró: eré sísá rọrùn láti fi aago wọ̀n, agbára láti mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn yà bàrá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ni kò ní aago. Ní ọdún 2023, Los Angeles Rams mú Puka Nacua ní ipò 177. Ó fi 1,486 yáàdì ṣe sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sì sí wide receiver tuntun kankan tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ti Amẹ́ríkà nìkan nìyí. Victor Osimhen, ọmọ Olúsosùn lẹ́bàá Ojota, ìtòsí wa níbí, ẹgbẹ́ méjì ní Belgium ló wò ó ní 2018, tí wọ́n sì ní àwọn ò fẹ́. Ibà ló ti mú un kó tó lọ fún àyẹ̀wò. Ẹgbẹ́ Charleroi ló wá gbà á. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó jẹ góòlù 26 ní sáà kan fún Napoli, wọ́n sì gba ife líìgì Ítálì tí wọn ò gbà láti ọdún 33. Ojú apẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ọjà.

Ẹni tí kò sẹ́ni tó ju bọ́ọ̀lù sí

Wide receiver tún ní wàhálà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwọ̀n ohun tó bá ṣe kò sí lọ́wọ́ òun nìkan. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, lọ́wọ́ àwọn tó ń dáàbò bo ẹni tó ń jù ú, lọ́wọ́ ibi tí kóòṣì bá gbé e sí.

Ẹ wo Agholor. Ní sáà méjì àkọ́kọ́ pa pọ̀, bọ́ọ̀lù 59 ló gbà mú, yáàdì 648, touchdown mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ẹgbẹ́ ní kó jókòó, kó má gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan rárá, òun fúnra rẹ̀ sì sọ ní gbangba pé ọkàn òun kò balẹ̀. Gbogbo ayé ti parí ẹjọ́ rẹ̀: òfò ni.

Ní 2017, Eagles ta ẹni tó ń gbá àárín pápá, wọ́n sì gbé Agholor kúrò létí pápá wá síbẹ̀. Lọ́dún yẹn nìkan, ó gba bọ́ọ̀lù 62 mú, yáàdì 768, touchdown mẹ́jọ. Ọdún kan ju ọdún méjì lọ. Ọwọ́ kan náà ni, ẹsẹ̀ kan náà ni. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló yí padà. Tẹ́nì kan bá ti wọn iye rẹ̀ ní ìparí 2016, ì bá ti wọn kóòṣì mọ́ agbábọ́ọ̀lù, kó sì gbé gbogbo rẹ̀ lé orí ọmọ kan ṣoṣo.

Níbo wá ni èrè wà?

Títí dé ibí, ó lè dà bíi pé mò ń sọ pé kí wọ́n má fi ipò gíga mú wide receiver mọ́. Rárá o. Owó ló kù ká sọ.

Ṣáájú ọdún 2011, ẹni ipò kìíní lè béèrè owó tó bá wù ú. Ní 2010, Sam Bradford gba àdéhùn 78 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún mẹ́fà kó tó ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òfin yí padà: ipò tí wọ́n fi mú ọ ló máa sọ owó rẹ fún ọdún mẹ́rin. Cam Newton, ẹni ipò kìíní ní 2011, nǹkan bí 22 mílíọ̀nù ló gbà. Owó ọmọ tuntun ti di owó tí wọ́n kọ sára ògiri. Iye kan náà ni, ìbáà jẹ́ quarterback, ìbáà jẹ́ wide receiver.

Ṣùgbọ́n owó àwọn àgbà kò sí lára ògiri. Ọjà ló ń sọ ọ́, ọjà wide receiver sì ti gbóná. Ní 2022, Tyreek Hill dé 30 mílíọ̀nù lọ́dún. Ní 2024, Justin Jefferson gba 35. Ní 2025, Ja'Marr Chase kọjá 40. Gbogbo owó tí ẹgbẹ́ lè san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní 2025 sì ní òdiwọ̀n: 279.2 mílíọ̀nù.

Ẹ wá wo Jefferson. Ipò 22 ni wọ́n fi mú un ní 2020. Àdéhùn rẹ̀ jẹ́ bíi 13 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin pátá. Ní sáà 2022, ó fi 1,809 yáàdì ṣíwájú gbogbo líìgì. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Minnesota Vikings, ń san bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ́dún fún iṣẹ́ tí ọjà ń ta ní 30. Ìyàtọ̀ yẹn ni èrè draft. Èrè náà ni wọ́n fi ń ra àwọn yòókù.

Ibo ni Vikings ti rí ipò 22 náà? Wọ́n ta Stefon Diggs fún Buffalo ni, Diggs ẹni ipò 146 yẹn. Ẹni tí wọ́n mú ní ìpele karùn-ún ló di owó tí wọ́n fi ra ẹni tó dára jù ní ayé. Ta ló sì yàn ṣáájú wọn ní ipò 21? Eagles. Wide receiver ni wọ́n mú, Jalen Reagor. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ta á, Vikings ló sì rà á. Ipò kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìdá 52 nìyẹn lójú ayé.

Ẹ ṣọ́ra fún sógundogójì

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí. Ojú wọn á wọ ọmọ kan, wọ́n á ní àfi òun, wọ́n á sì kó ipò ọ̀la sílẹ̀ láti gòkè lónìí. Massey àti Thaler ṣírò èlé tó wà nínú irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdá 136 nínú ọgọ́rùn-ún ni, lọ́dún kan. Bí ẹ bá yá 100 lónìí, ẹ ó dá 236 padà ní ìwòyí àmọ́dún.

Àwọn bàbá wa mọ irú olówó èlé báyìí, wọ́n ń pè é ní sógundogójì, ẹni tó ń sọ ogún di ogójì. Èlé tiẹ̀ kò ju ìdá 100 lọ! Sógundogójì gan-an á bojú àánú wo àwọn ẹgbẹ́ yìí.

Ní 2011, Atlanta Falcons kúrò ní ipò 27 lọ sí ipò 6 láti mú wide receiver kan, Julio Jones. Ipò márùn-ún ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, méjì nínú wọn jẹ́ ti ìpele kìíní. Ká sọ òótọ́, Jones kò já wọn kulẹ̀ rárá. Ní 2015, ó gba bọ́ọ̀lù mú nígbà 136, yáàdì 1,871. Wọ́n dé Super Bowl ní oṣù Kejì 2017, wọ́n ń na Patriots ní 28 sí 3, síbẹ̀ wọ́n pàdánù ní 34 sí 28. Wọ́n rí ọmọ tí wọ́n fẹ́, wọn ò rí ife. Wide receiver tó dára jù kò lè ṣọ́ ilé bí ẹgbẹ́ bá ti ta àwọn ọmọ tí wọn ì bá fi ṣọ́ ọ.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní oṣù Kẹta 2022, Kansas City ta Tyreek Hill fún Miami, wọ́n sì gba ipò márùn-ún. Àwọn èèyàn ní wọ́n ti ya wèrè. Super Bowl méjì tó tẹ̀ lé e, àwọn ló gbà á. Wọ́n ní Patrick Mahomes tó ń ju bọ́ọ̀lù, òótọ́ ni. Òun náà ni mo ní kí ẹ rántí lẹ́ẹ̀kan.

Ìṣirò kékeré kan rèé, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní ipò gíga ń fún yín ní àǹfààní ìdajì láti rí ẹni gidi. Ká ní bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rí ipò méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Èwo lẹ ó mú? Pé kí méjèèjì kùnà jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ́nà ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án. Ó ku márùn-ún nínú mẹ́sàn-án pé ẹ ó rí ó kéré tán ẹnìkan. Ó ju ìdajì lọ, ẹ sì tún lè rí méjì.

Ìdájọ́ tèmi

Bí ìpín ẹgbẹ́ kan bá dé, tí wọ́n ti ní ẹni tó lè ju bọ́ọ̀lù, kí wọ́n mú wide receiver ní ìpele kìíní, ó tọ́. Owó ọjà gbè é lẹ́yìn. Bí wọn ò bá tíì ní ẹni tó ń jù ú, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń rà láìní ìkòkò. Bí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá sì wà nílẹ̀ tí wọ́n jọra, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n gba ipò méjì. Kí wọ́n má lọ bá sógundogójì láé nítorí ẹnìkan ṣoṣo.

Ajayi ńkọ́? Òdodo gbọ́dọ̀ wà nínú ìwọ̀n. Ní oṣù Kẹwàá 2018, iṣan orúnkún rẹ̀ já, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì pẹ́ mọ́ lẹ́yìn náà. Ohun tí àwọn dókítà bẹ̀rù kì í ṣe àlá. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tó mú un ní ipò 149 jẹ èrè, èyí tó gbà á ní ìpele kẹrin sì gba ife.

Agholor tí wọ́n ń pè ní òfò náà ńkọ́? Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, iná jó ilé kan ní Philadelphia. Ọkùnrin kan tó dúró nísàlẹ̀ ń gba àwọn ọmọdé tí wọ́n ń jù láti ojú fèrèsé. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá a sọ̀rọ̀, ó fi Agholor ṣẹ̀fẹ̀ pé òun gbá wọn mú, òun ò ṣe bíi tiẹ̀. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Agholor dá a lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó yìn ín fún akíkanjú rẹ̀, ó sì ní kó mú ìdílé rẹ̀ wá wo géèmù tó ń bọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Las Vegas, ó gba bọ́ọ̀lù 48 mú, yáàdì 896, touchdown mẹ́jọ.

Ó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì náà láti 2015 dé 2024, sáà mẹ́wàá. Ó ní òrùka. Nínú àwọn mẹ́fà ìpele kìíní ọdún rẹ̀, Kevin White tó ṣáájú rẹ̀ ní ipò mẹ́tàlá kò ní ìdá kan ohun tó ṣe. Ohun tí ipò 20 máa ń rà gan-an nìyẹn: ìgbà mìíràn Jefferson, ìgbà mìíràn Reagor, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹnìkan láàárín. Àwọn tó retí pé ipò 20 á fún wọn ní ọba ló ṣi ìṣirò ṣe. Ọmọ Èkó yẹn san gbèsè tirẹ̀.

Bí wọ́n bá tún pè é ní òfò ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: ta ni wọn ì bá mú, kí sì ni wọ́n mọ̀ nípa ẹni náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2015?